Mọ́ṣúárì Tó Di Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́: Ìtàn Musíọ́mù Ọlọ́pàá Ìlú Vancouver

Nílé wa, ọ̀nà mọ́ṣúárì kì í ṣe ọ̀nà tí à ń rán ọmọdé gbà. Àgbàlagbà pàápàá, bí iṣẹ́ bá gbé e kọjá ibẹ̀, á yára ẹsẹ̀, á gbójú sápá kejì. Ní ìlú Vancouver, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Kánádà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ níbẹ̀ a máa kó ọmọ ilé ìwé wá sí nọ́ńbà 240, òpópónà East Cordova, wọ́n á sì kó wọn wọ yàrá tí àwọn dókítà ti ń la òkú láti ọdún 1932 títí di 1980. Tábìlì tí wọ́n ń tẹ́ òkú sí wà níbẹ̀ dòní. Kò sí òkú lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń bá wá.

Orúkọ ilé náà ni Vancouver Police Museum & Archives. Ẹni tó bá gbọ́ pé musíọ́mù ọlọ́pàá ni, ó lè máa retí ìbọn tí wọ́n tò sínú gíláàsì, fìlà àwọn ọ̀gá àtijọ́ àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti dípẹtà. Irú ìwọ̀nyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń tọpa ìtàn ilé yìí, ìbọn kọ́ ló dá mi dúró. Ìbéèrè kan ni, tó ń yọjú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà títí dé ìparí rẹ̀: òkú tí a fi ń kọ́ni, ta ló ni ín?

Arthur J. Bird ló ya àwòrán ilé náà, 1932 sì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló wà lábẹ́ òrùlé kan: ilé ẹjọ́ kọ́rónà, mọ́ṣúárì, àti yàrá àyẹ̀wò onímọ̀ kẹ́míkà ìlú. Kọ́rónà ni òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn láti wádìí ikú tí kò ṣe kedere, ìyẹn ẹni tí wọ́n yìnbọn pa, ẹni tó bómi lọ, ẹni tó sùn tí kò jí. Bí òkú bá dé, dókítà á là á. Ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó wà nínú ìkùn á lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Èsì á padà sí gbọ̀ngàn ẹjọ́, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà á sì sọ ohun tó pa olóògbé. Òkú kò rìn jìnnà kó tó gba ìdájọ́.

Ọkùnrin tó sọ yàrá àyẹ̀wò yẹn di olókìkí ni John F. C. B. Vance. Láti 1907 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìlera gbogbo gbòò ju ti ọ̀daràn lọ. Ní 1914, ọlọ́pàá ké sí i lórí ọ̀ràn ìpànìyàn kan, kí ó wá sọ fún wọn bóyá ohun tí wọ́n rí nílẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Kò kúrò nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́ láti ọjọ́ náà. Irun tó bọ́ sílẹ̀, fọ́nrán aṣọ, ọ̀dà tó ré bọ́ lára mọ́tò, májèlé inú oúnjẹ, ọta ìbọn tó há sára igi, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún Vance. Àwọn oníròyìn ń pè é ní Sherlock Holmes ilẹ̀ Kánádà. Àwọn ọ̀daràn náà mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti lágbára tó: ní 1934 nìkan, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n gbìyànjú láti rán an lọ sọ́run kó má lè jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Àdó olóró wà lára ohun tí wọ́n dán wò. Vance kò kú, kò sì panu mọ́. Ó fẹ̀yìntì ní 1949.

Ohun kan dùn mí nípa ọkùnrin yìí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Àpótí ìwé rẹ̀, tó kún fún àkọsílẹ̀ ọ̀ràn àti fọ́tò, wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí òǹkọ̀wé kan, Eve Lazarus, rí wọn kà ló kọ ìwé nípa rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní 2017. Ẹni tó kọ́ ọlọ́pàá ìlú kan bí a ṣe ń ka ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ka lẹ́tà, inú páálí ni ìtàn rẹ̀ sùn sí.

Òkú tó lókìkí jù lọ nínú gbogbo òkú tó gba orí tábìlì yẹn kọjá dé ní oṣù Kẹwàá 1959. Errol Flynn ni, òṣèré sinimá tí ayé mọ̀ mọ́ Robin Hood. Ẹni 50 ọdún ni nígbà tó kú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ló gbé e wá sí Vancouver, ibẹ̀ náà ni ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Kọ́rónà ìlú nígbà náà, Glen McDonald, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìrántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní dókítà tó ń la òkú náà rí àwọn èso ara kan ní ibi ìkọ̀kọ̀ Flynn, wọ́n sì wù ú láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó gé wọn. Nígbà tí McDonald mọ̀, ó yarí. Ìyàwó olóògbé ṣì wà láyé, ó ní, òkú yìí sì gbọ́dọ̀ jáde níbí bó ṣe wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe wá téèpù, tí wọ́n sì lẹ ohun tí wọ́n gé padà sí àyè rẹ̀.

Àwọn tó ń gbọ́ ìtàn yìí a máa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Dókítà yẹn kì í ṣe olè. Olùkọ́ ni, ohun tó sì fẹ́ ni ohun tí gbogbo olùkọ́ ń fẹ́, ìyẹn nǹkan gidi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí. McDonald kò sọ pé ẹ̀kọ́ kò dára. Ó sọ pé òkú náà ní ẹni tó ni ín. Nínú yàrá kan náà, ọ̀rọ̀ yìí tún máa padà wá lẹ́yìn 1986, ní ìrísí tó burú ju ti Flynn lọ.

Ní 1980, wọ́n kó iṣẹ́ mọ́ṣúárì kúrò níbẹ̀. Ilé tí a ti ń tọ́jú òkú ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún kì í rọrùn láti rí ẹni gbé inú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kan ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Aṣáájú wọn ni Joe Swan, tó ti jẹ́ sájẹ́ǹtì rí, tí ìtàn sì wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀. Òun náà ló kọ ìwé nípa ọgọ́rùn-ún ọdún iṣẹ́ ọlọ́pàá Vancouver. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ìtàn ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1983, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè, wọ́n sì ṣí ilé náà fún gbogbo ènìyàn ní 1986. Ọdún yẹn bọ́ sí àsìkò gan-an: ìlú Vancouver pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ọlọ́pàá rẹ̀ náà pé e, àfihàn àgbáyé Expo 86 sì ń kó àlejò wọ ìlú láti ibi gbogbo. Ìdí nìyẹn tí orúkọ musíọ́mù náà lákọ̀ọ́kọ́ fi ní ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nínú.

Ìtàn tí Swan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti sọ kò kéré. Ní oṣù Kẹfà 1886, ìlú náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti dá dúró bí ìlú tí iná fi jó o kanlẹ̀. Abẹ́ àgọ́ ni ìjọba ìlú ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn iná náà, abẹ́ àgọ́ náà ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ọ̀gá wọn àkọ́kọ́, John Stewart. Ní 1912, ìlú yìí kan náà ló gba Lurancy Harris àti Minnie Miller síṣẹ́, àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ́ ọlọ́pàá ní gbogbo Kánádà.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà ní ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀nà àtijọ́ ni. Ọ̀nà náà ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Láti 1869 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fàyè gba ọlọ́pàá láti pa ẹrù ọ̀daràn mọ́ kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun, nígbà tó sì di nǹkan bí 1874, ẹrù náà ti di musíọ́mù ní Scotland Yard, oríkò ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Okùn tí wọ́n fi so ènìyàn kọ́ wà níbẹ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, orí tí wọ́n fi pílásítà ṣe àwòṣe rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ará ìta wọlé. Ìlànà ẹ̀kọ́ náà rọrùn: ẹ wo ohun tí ọ̀daràn lò, ẹ̀yin náà á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí Vancouver ṣe ní 1986 ni pé ó mú irú àfihàn bẹ́ẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá san owó ìwọlé. Kò sì pẹ́ tí àṣà àtijọ́ náà fi kó wọn sí wàhálà.

Wàhálà náà ti ní gbòǹgbò tipẹ́. Ní oṣù Kìíní 1953, òṣìṣẹ́ kan tó ń tún ọgbà Stanley Park ṣe tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ ewé. Egungun ọmọdé méjì ni, aṣọ òtútù obìnrin ló bò wọ́n. Àáké kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti fìlà aláwọ irú èyí tí awakọ̀ òfurufú ń dé, àti abọ́ oúnjẹ ọ̀sán. Dókítà sọ pé akọ kan, abo kan. Ọlọ́pàá wá ìdílé tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ti sọnù káàkiri Kánádà, wọn kò rí i. Ọdún ń gorí ọdún. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn ọmọ náà, kò sẹ́ni tó wá bèèrè wọn. Nígbà tí musíọ́mù bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó ohun ọ̀ràn náà síbẹ̀, egungun wà lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá wò wọ́n. Àwọn ọmọ ilé ìwé náà ń dé.

Yorùbá kì í fi egungun ọmọdé ṣe ìran wò. Bí ọmọ bá kú, àwọn òbí rẹ̀ kì í fẹ́ mọ ojú ibojì pàápàá. Ẹlòmíràn ni yóò lọ sin ín. Mo gbà pé ìlú ẹlòmíràn ni Vancouver, àṣà tiwọn sì yàtọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe Yorùbá nìkan ni nǹkan yìí ń dùn. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan níbẹ̀, Brian Honeybourn, gba fáìlì náà láàárín àwọn ọdún 1990. Nígbà tó rí i pé inú musíọ́mù ni àwọn ọmọ náà wà, inú bí i. Ó gbé wọn kúrò. Onímọ̀ eyín kan ní yunifásítì ìlú náà, Dókítà David Sweet, yọ DNA jáde, èsì sì yí gbogbo ìwádìí dà: ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì bá ara wọn tan. Ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́ta ni ọlọ́pàá fi wá ọmọbìnrin tí kò sí. Lẹ́yìn èyí, Honeybourn ní kí wọ́n sun èyí tó pọ̀ jù nínú egungun náà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pàá, ó sì da eérú wọn sójú òkun. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n pa mọ́ fún ìwádìí ọjọ́ iwájú.

Mo ka ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe sí ìdásílẹ̀ kejì fún musíọ́mù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ayẹyẹ kankan. Ìgbà tí ilé bá gbé òkú kúrò nínú gíláàsì, ó di dandan kó wá ohun mìíràn tí yóò fi kọ́ni. Ohun tí wọ́n rí ni ọwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ ilé ìwé tó bá lọ síbẹ̀ báyìí kò ní kàn máa wo nǹkan. Wọ́n á gbé ọ̀ràn àròsọ kan kalẹ̀ fún un: nǹkan ti ṣẹlẹ̀, àmì ìka wà lára ife, irun kan wà nílẹ̀, ipasẹ̀ bàtà wà nínú iyẹ̀pẹ̀. Á gba búrọ́ọ̀ṣì àti ìyẹ̀fun, á rọra fọ́n ọn sí àmì ìka náà títí ìlà rẹ̀ á fi hàn, á sì fi í wé ti àwọn tí wọ́n fura sí. Wọ́n á kọ́ ọ láti kọ ohun tó rí, kì í ṣe ohun tó rò. Ẹ̀kọ́ tí Vance fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu fún nìyẹn, ọmọ kékeré sì ń kọ́ ọ ní ìdajì ọjọ́. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀: sáyẹ́ǹsì tí ọmọ kì í gbọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sójú pátákó, ó máa gbọ́ ọ bí wọ́n bá sọ fún un pé ẹnìkan ṣe nǹkan, kó wá sọ ẹni náà.

Àgbàlagbà náà ní tiwọn. Wọ́n ṣètò kíláàsì alẹ́ fún wọn lórí sáyẹ́ǹsì ìwádìí ọ̀ràn, níbi tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ti ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ta sára ògiri, bí májèlé ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ohun tí egungun lè sọ àti ohun tí kò lè sọ. Àwọn tó fi fíìmù tẹlifíṣọ̀n kọ́ iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ a máa gba ìyàlẹ́nu níbẹ̀, nítorí èsì DNA kì í dé láàárín ìpolówó ọjà méjì. Àwọn alẹ́ kan tún ti wà rí tí wọ́n ṣe sinimá nínú mọ́ṣúárì àtijọ́ náà, Movies in the Morgue ni wọ́n pe ètò náà. Ìyẹn kò jẹ mí lógún púpọ̀. Ó mú owó wọlé, ó mú ọ̀dọ́ wá, ó tán síbẹ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún ni ti ìrìn. Sins of the City ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ìlú. Afinimọ̀nà á kó àlejò jáde kúrò nínú ilé náà, wọ́n á rìn ní àdúgbò, á sì máa sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń lọ: ilé aṣẹ́wó, ilé tẹ́tẹ́, ọtí tí wọ́n ń kó pamọ́, ópíọ̀mù. Àdúgbò náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1907, àwọn òyìnbó tó kórìíra ará Éṣíà fọ́n sí ìgboro, wọ́n fọ́ wíńdò ní àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, wọ́n sì kọjú sí òpópónà Powell, níbi tí àwọn ará Jàpáánù ti dìde gbèjà ara wọn. Ìjọba Kánádà rán òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Mackenzie King, wá láti ṣírò ohun tó bàjẹ́. Nínú àwọn tó wá gba owó gbà-máà-bínú ni àwọn oníṣòwò ópíọ̀mù wà, nítorí iṣẹ́ wọn bófin mu nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà ya King lẹ́nu, ó kọ ìròyìn, òfin tó kọ́kọ́ gbógun ti oògùn olóró ní Kánádà sì jáde ní 1908. Àwọn tí wọ́n fọ́ ilé wọn ni òfin tó tẹ̀ lé e kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá rìn gba ibẹ̀ tó sì gbọ́ èyí, kò ní wo òfin oògùn olóró bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ ìlú kò yọ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ní 1955, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde pé ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Vancouver, Walter Mulligan, ń gba rìbá lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan yìnbọn fún ara rẹ̀, ó yè é. Ọ̀gá ọlọ́pàá mìíràn yìnbọn fún ara rẹ̀, kò yè é. Mulligan kó ẹrù, ó gba Amẹ́ríkà lọ kí ìgbìmọ̀ tó parí iṣẹ́. Mo mọ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí irú ìtàn yìí ìbá ti di èèwọ̀ nínú wọn. Musíọ́mù tó bá lè sọ fún àlejò pé ọ̀gá wa nígbà kan rí jẹ rìbá, ó yẹ kí a gbà á gbọ́ nígbà tó bá tún sọ pé ọlọ́pàá mìíràn jẹ́ akọni.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ gbé e gẹ̀gẹ̀ jù. Àdúgbò kan náà yìí, Downtown Eastside, ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń dàwátì títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Kánádà. Àwọn ẹbí wọn ń ké, a kò kà wọ́n sí. Ọlọ́pàá Vancouver tọrọ àforíjì ní 2010, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Wally Oppal jẹ́ alága rẹ̀ sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2012. Orúkọ tó fún un ni Forsaken: àwọn tí a kọ̀ sílẹ̀. Rìbá 1955 rọrùn láti sọ, gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ ti kú. Àwọn ìyá tó ń wá ọmọ wọn ṣì ń gba iwájú ilé náà kọjá. Bí musíọ́mù ọlọ́pàá bá fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó le jù lọ, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni, ẹbí wọn ló sì yẹ kó gba gbohùngbohùn.

Ó ku ti àwọn ọmọ Stanley Park. Egungun díẹ̀ tí Honeybourn jẹ́ kí wọ́n pa mọ́ ló ṣe iṣẹ́ tí odidi kò lè ṣe nínú gíláàsì. Àwọn onímọ̀ yọ DNA mìíràn lára rẹ̀, wọ́n fi wé ti àwọn ènìyàn tó ń wá ìran wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tọpa igi ẹbí náà títí wọ́n fi kan ìdílé kan. Ní oṣù Kejì 2022, ọlọ́pàá Vancouver kéde orúkọ wọn. Derek àti David D'Alton ni wọ́n, ọmọ ìyá. Ẹni tó pa wọ́n kò dé ilé ẹjọ́. Derek ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 7 ni. David jẹ́ ọmọ ọdún 6.